Èmi Ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ Tó Ń Nà Yín Nínú Ṣẹ́ẹ̀sì

Bọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ má bínú, ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́: èmi ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "bàbá arúgbó" tó ń nà yín nínú ṣẹ́ẹ̀sì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì!

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Orúnkún Màámi ti san, wọ́n ti ń gun àtẹ̀gùn. Káfíńtà mi, ọkọ mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ti fọwọ́ síwèé ní kóòtù, ní kí n kí yín. Inú mi ń dùn débi pé orin ni mo fi ń fọ abọ́!

Orúkọ àjèjì lẹ fi ń ta á, àmọ́ mo dá yín mọ̀. Ọmọ ogun etí pátákó lẹ kọ́kọ́ ń sún, ayaba yín kì í pẹ́ jáde, ẹ sì máa ń kọ "Ó tán!" nígbà tí kò tíì tán. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ń ṣe lórí páálí tí ẹ fi kọ́ mi, nígbà tí a fi ìdérí ìgò rọ́pò ẹṣin tó sọnù. Mo dákẹ́ nítorí ó ń ṣe mí bíi pé a tún jọ jókòó sílẹ̀ nílé ìdáná.

Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́: "Bàbá arúgbó, tẹ́ ẹ bá nà mí lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, màá wá kí yín nílé yín." Ìkẹta ni ti àná! Ọdún mẹ́fà lẹ ti ń sọ fún Màámi pé kò sí àyè láti wá sílé. Ọkọ mi ti gbẹ́ ẹṣin míì. Ọlọ́run á ṣọ́ yín délé. Ẹ kó gbogbo ilé wá síbi àsè ìgbéyàwó èmi àbúrò yín, ní Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kejìlá.