Àkùkọ Wa Tó Wọ Ẹgbẹ́ Òṣèlú

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òkè-Ìlá,
Adó-Èkìtì.
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kejì, ọdún 1999.

Àyọ̀kẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti gbóògùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti padà sílé ìwé? Mo gbọ́ pé ọyẹ́ ọdún yìí mú l'Ákùúrẹ́ ju ti ọ̀dọ̀ wa lọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìwọ tí o ń dúró ti ààrò búrẹ́dì láti ìdájí kò ní mọ̀ ọ́n lára. Ara gbogbo wa le níhìn-ín, a dúpẹ́.

Bí o ti ń ka lẹ́tà yìí, mo mọ̀ pé Ẹ̀bùnọlá ọmọ wa ti jókòó síwájú rẹ, ó sì ti ń fojú wá ibi tí ẹ ń kó ìyẹ̀fun sí. O rí ọpọ́n pákó gígùn tó gbé wá. O sì rí àkùkọ tí a so àkísà pupa mọ́ lẹ́sẹ̀. Jọ̀wọ́, má tíì gbé omi kaná. Ka lẹ́tà yìí tán ná.

Ọ̀dọ̀ Bámgbóyè ọkọ mi ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Káfíńtà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni o mọ̀ ọ́n sí. Gbàgbé ìyẹn. Láti ìgbà tí ó ti ra ìwé pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ló ti di oníwàásù. Ó ní ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ni ara rẹ̀, ohun tí èèyàn bá fi òógùn ojú rẹ̀ ṣe, tirẹ̀ ni, iṣẹ́ ìjọba kò sì gbọdọ̀ ju kí ó máa mú olè lọ. Á máa bi àwọn tó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ pé ta ni mínísítà ẹ̀fọ́ gbọ̀rọ̀? Ta ló ń pàṣẹ iye iṣu tó gbọ́dọ̀ wọ Ọjà Ọba? Wọ́n á ní kò sí. Á ní, ọjọ́ wo wáá ni ẹ dé Ọjà Ọba tí ẹ kò bá iṣu níbẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi, èmi náà wá èsì títí, n kò rí.

Àwọn èèyàn sì ń wá gbọ́ ọ o: ọlọ́kadà, tíṣà, títí kan katikíìsì wa. Ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú ti sú wọn. Ẹgbẹ́ méjì la ní nígbà kan, ó di márùn-ún, ó tún wá di mẹ́ta báyìí, ojú kan náà la sì ń rí nínú gbogbo rẹ̀. Bámgbóyè ní fìlà ló ń yí, orí kò yí. Nígbà tí ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá bẹ̀ ẹ́ pé àwọn fẹ́ lẹ fọ́tò mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó lé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri náà pé Ẹ FI WÁ SÍLẸ̀. Bó ṣe di Bàbá Fi-Wá-Sílẹ̀ nìyẹn. Èmi náà di Ìyá Fi-Wá-Sílẹ̀ nínú wọ́ọ̀dù ọsibítù tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, níwájú dókítà.

Ẹ̀bùnọlá parí ìwé mẹ́wàá lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà tó ti lo ọlidé lọ́dọ̀ rẹ ló ti ń sọ pé iṣẹ́ búrẹ́dì lòun fẹ́ kọ́. Bàbá rẹ̀ ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Sẹkitéríàtì ni yóò ti ṣiṣẹ́, lábẹ́ fáànù, kí ó máa gbowó oṣù, kí ó sì gba owó ìfẹ̀yìntì tó bá dàgbà. Ọmọ náà rọra bi í pé ṣé kì í ṣe ìjọba tí ẹ ní kó fi wá sílẹ̀ náà nìyí? Ó ní ọ̀tọ̀ nìyẹn. Mo ń já ẹ̀fọ́ lọ́wọ́, mo sì dorí kodò kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín lẹ́nu mi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àkùkọ wa sọnù. Èmi ni mo ya àkísà pupa yẹn lára ìró mi àtijọ́, tí mo so ó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ kí ó má baà dàpọ̀ mọ́ adìẹ ará ilé kejì. Mo wá a títí. Ìyá Ìyìn tó ń gbé ilé kejì sì se ọbẹ̀ kan lọ́jọ́ náà tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Láti ìgbà náà, bí kò bá kí mi, n kì í kí i. Bámgbóyè jókòó, ó ń rin pákò lẹ́nu, ó ní ṣé mo rí i, mímú irú olè báyìí gan-an ni iṣẹ́ ìjọba.

Kò pẹ́ ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí kí n wá gún ìyá Olóyè Akínbọ́lá lábẹ́rẹ́, ibà ló ń ṣe é. Olóyè yìí ni baba ìsàlẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú náà ládùúgbò wa. Ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ ìjọba, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbà kọjá. Bí mo ti wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, àkísà pupa ni mo kọ́kọ́ rí. Àkùkọ mi ni wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, láàárín àwọn tó ń dúró de Olóyè, ni Bàbá Fi-Wá-Sílẹ̀ jókòó sí, fìlà ẹgbẹ́ lórí orúnkún. Mo wò ó. Ó wo àjà. Àkùkọ nìkan ló kí mi dáadáa. Mo kí àwọn àgbà, mo gún ìyá lábẹ́rẹ́, mo sì gba ilé mi lọ.

Ó dé lálẹ́. Mo gúnyán, mo gbé e síwájú rẹ̀, ó di ìgbà tó mú òkèlè kejì kí n tó bi í:

"Bàbá Ẹ̀bùn, àkùkọ wa ńkọ́? Ṣé wọ́n ti fún un ní káàdì ẹgbẹ́?"

Òkèlè dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀bùnọlá wò mí, ó wo bàbá rẹ̀, ó yé e. Mo rò pé yóò bínú ni, àfi bí omi ṣe lé ròrò sójú ọkọ mi. Ó ní ṣé mo rántí ọdún tí ẹnikẹ́ni kò ra àga, tí àga kún yàrá tí a kò ríbi tẹ́ ẹní sí, tí kò sì sí nǹkan nínú ìkòkò.

"Uṣẹ́ ọwọ́ dùn ún wàásù," ó ní, "ṣùgbọ́n mo mọ bí ulé ṣe ń rí nígbà tí kò bá sówó. Àyà mi ń já nítorí ọmọ yìí."

Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an. Ẹ̀bùnọlá ló kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ ní ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ni ara rẹ̀. Èmi ńkọ́? Ta ló ni mí?"

Ó fọwọ́, ó jáde lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ilẹ̀ mọ́, ó gba ilé Olóyè lọ, ó ní òun wá gba àkùkọ òun. Ọmọ́níyì ọlọ́kadà tó gbé e lọ ló ròyìn fún mi. Olóyè bi í pé ẹgbẹ́ wo ló fún un ní àgbò. Ó ní òun kò bá ẹgbẹ́ kankan lọ, ọmọ òun ló ní iṣẹ́ náà kò wu òun. Olóyè rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí wọ́n tú àkùkọ fún un, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé àyè ọmọ rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn, kí ó má sì padà wá mọ́. Bámgbóyè fi fìlà ẹgbẹ́ sórí tábìlì, ó gbé àkùkọ há abíyá, ó sì fẹsẹ̀ rìn wálé, nítorí Ọmọ́níyì kò gbà kí adìẹ yàgbẹ́ sórí ọ̀kadà òun. Gbogbo Òkè-Ìlá ló rí i. Wọ́n ń kí i ní ẹ kú àbọ̀ bí ẹni tó ti Mẹ́kà dé.

Kò wàásù lọ́sẹ̀ yẹn. Ó ń bi Ẹ̀bùnọlá pé báwo ni ọpọ́n tí ẹ fi ń po ìyẹ̀fun ṣe gùn tó, báwo ló ṣe jìn tó. Èyí tó wà níwájú rẹ yìí ló kàn.

Mo ti lọ bẹ Ìyá Ìyìn. Ó ní òun ti mọ̀ látọjọ́ yẹn pé mo fura sí òun. Ẹja ló sè.

Ọ̀rẹ́ mi, ilẹ̀kùn Sẹkitéríàtì ti tì, ọ̀dọ̀ rẹ nìkan ló kù fún ọmọ yìí. Má wo ojú mi kọ́ ọ níṣẹ́. Bí ó bá sun búrẹ́dì jóná, jẹ́ kí ó jẹ ẹ́. Ìwọ la fi àkùkọ náà ta lọ́rẹ, ṣùgbọ́n Bámgbóyè ní kí n bẹ̀ ọ́ kí o má pa á. Ó ní nínú gbogbo ohun tó wọ ẹgbẹ́ òṣèlú l'Ádòó, àkùkọ náà nìkan ló jáde bó ṣe wọlé.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ àti gbogbo àwọn tó ń bá ọ ṣiṣẹ́. Bí mo ti ń kọ èyí, ẹ̀yìn mi ni ọkọ mi wà, ó ń fi okùn di ọpọ́n náà. Ó ní òun fúnra òun ni yóò rù ú dé gáréèjì. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní lẹ́búlẹ́bú pákó ló kó sí i. Ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sẹ́ni tó fipá mú òun.

Mo ti kọ ọ́.

Èmi náà ni, tìrẹ láti kíláàsì kìíní,
Monínúọlá
(Ìyá Fi-Wá-Sílẹ̀)