Ẹ Má Fọwọ́ Kan Patanmọ́ Mi

Peckham, London.
Ọjọ́ Àìkú.

Nàfísátù àbúrò mi,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n san ohun tí mo jẹ ọ́. Ẹ̀bẹ̀ ni mo jẹ ọ́, láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí tíṣà yín ní kí ẹ ya ewé, tí o ya patanmọ́ tó kákò, èmi ni mo kọ́kọ́ pariwo "Olódo!" tí gbogbo ọmọ àdúgbò fi gbà á lẹ́nu mi. Jọ̀wọ́, dárí jì mí.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́? Ara tèmi le, òtútù nìkan là ń bá fà á.

Mo ti ń kọ́ àwòrán yíyà ní gbogbo Wẹ́sídeè, ní gbọ̀ngàn kan nítòsí Peckham Rye. Ọ̀fẹ́ ni, o mọ̀ mí. Ọ̀gbẹ́ni Gilbert, tíṣà wa, máa ń kó ẹ̀dà àwòrán ewé wá, èyí tí àwọn ayàwòrán inú ọkọ̀ ojú omi fi ọ̀dà olómi yà láyé ọjọ́un, nígbà tí òyìnbó ń wa ọkọ̀ kiri ilẹ̀ tí wọn ò dé rí. Ó ní kí ewé tó rọ, wọ́n á sáré fi pẹ́ńsù yà á, wọ́n á kọ nọ́ńbà àwọ̀ sí i, wọ́n á wá kun ọ̀dà tó bá yá. Ó ní kí àwa náà ṣe àdàkọ rẹ̀ gẹ́lẹ́.

Lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, kí ni mo rí? Patanmọ́! Bùràsíìlì ni wọ́n ti yà á, ṣùgbọ́n ti ẹ̀yìnkùlé wa náà ni. Gbogbo ewé rẹ̀ kákò bíi tìrẹ. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹni tó já a ló fọwọ́ kàn án. Ojú ló ń tì í, bó ṣe ń rí kọ́ nìyí." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Aunty Àsúmáù, ayàwòrán yẹn wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ò sí níbẹ̀." Mo ya tèmi, ewé rẹ̀ là gbayawu. Ó ní òun ò ní gbé e kọ́ ògiri lọ́jọ́ tí kíláàsì wa máa ṣe àfihàn àwòrán, Sátidé tó ń bọ̀ yìí, torí kì í ṣe àdàkọ.

Mo bá lọ ra patanmọ́ inú ìkòkò ní Nunhead, pọ́n-ùn mẹ́fà, ewé tí ewúrẹ́ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nílé wa! Bọ́ọ̀sì gbọ̀n ọ́n, báàgì ìyá kan gbá a, ìgbà tí mo fi dé kíláàsì, ó ti kákò pátápátá. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Hàlímọ̀tù tá a jọ ń jókòó ní, "Àsúmáù, ẹlẹ́rìí ẹ ti sùn o!" Mo gbé e sórí tábìlì, mo ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ jókòó." Nígbà tó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í là, ewé kan tẹ̀ lé èkejì.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí rẹ. Ìwọ náà já a ní ẹ̀yìnkùlé ni, ó sì ti kákò kí o tó gbé e dé kíláàsì. Ohun tó wà níwájú rẹ lo yà. Èmi gan-an lolódo.

Gilbert gbà pé òótọ́ ni mo sọ, àmọ́ ó ní òfin ni òfin. Mo ní kó gbọ́: tí tèmi ò bá sí lógiri ní Sátidé, ẹnu ọ̀nà ni màá dúró sí, màá gbé e sáyà, patanmọ́ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, gbogbo ẹni tó ń wọlé á fọwọ́ kàn án, á rí bó ṣe ń kákò, kó tó wo àwọn tó wà lógiri. Mi ò kúrò níbẹ̀!

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ dá dúró. Tún èyí tó kákò yẹn yà fún mi, kí n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, kí n kọ orúkọ rẹ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀.

Ọlọ́hun á fún ẹsẹ̀ rẹ lókun, kò ní jẹ́ kí ojú tì wá.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń tọrọ àforíjì,
Àsúmáù.

Àfikún: Bàrákàt ọmọ mi ló máa ya fọ́tò lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp. Ibẹ̀ náà ni kí o fi àwòrán rẹ gbà dá mi lóhùn. Ọjọ́bọ̀ ni mo ń retí rẹ̀.