Àlejò Baba Nínú Oko Kajú

Ọjọ́ Ajé, 6 Ṣẹ́rẹ́ 2025
Eérú dúdú tún bọ́ sórí léèsì oníbàárà. Nínú Ọ̀yọ́ níbí! Mo gbọn ọ́n, ó fọ́ mọ́ aṣọ. Inú bí mi. Iná igbó ti jẹ dé ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́, kò tíì yó. Oko kajú Baba mi wà lọ́nà ibẹ̀.

Ọjọ́rú, 8
Mo pe Baba mi, alágídí. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní láyé ilé koríko, gbogbo ayé ló ń gé bẹẹrẹ bo òrùlé. Iná kékeré ní í jó ìyókù. Páànù dé, kò sẹ́ni tó ń gé e mọ́. "Òun niná ń jẹ yẹn, Ràmọ́tà. Èmi ti gé tèmi yípo oko."

Ọjọ́bọ̀, 9
Kò sí ẹyẹ kankan láàárọ̀ yìí.

Jímọ̀, 10
Fóònù Baba ò lọ. Mashood, àbúrò mi tó ń gun ọ̀kadà ní Ọjà Igbó nítòsí oko, ní iná ti fo títì. Mi ò lè ránṣọ.

Àbámẹ́ta, 11
Mashood gbé mi lọ. Èédú lọ́tùn-ún, èédú lósì. Lójijì — oko Baba, tútù yọ̀yọ̀! Mo fẹ́ sáré wọlé, Mashood dì mí mú. Ó ní kí n wo ilẹ̀.

Ejò. Òkété. Ọ̀yà. Àparò. Gbogbo ohun tó sá fún iná ló kún abẹ́ kajú. Wọn ò jà, wọn ò ké. Kò sí ibi téèyàn lè fẹsẹ̀ sí. Baba jókòó lẹ́nu ahéré, ejò lábẹ́ àpótí wọn.

Mo ní, "Baba, ẹ rọra máa bọ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Àlejò mi ńkọ́? Ibo ni wọ́n fẹ́ gbà?"

Èéfín tún yọ lẹ́yìn oko. Mashood fipá gbé mi kúrò. Ilé rẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí, mò ń sunkún.

Àìkú, 12
Ewé oníná fo ibi tí Baba gé. Oko jó. Ahéré jó. A ò rí egungun kankan — Alhamdulillahi.

Ipa ẹsẹ̀ Baba wà nínú eérú, tàwọn ẹran yí i ká. A tọ̀ ọ́ dé odò. Omi ò ju orúnkún lọ; a wá Baba nínú rẹ̀, a ò rí wọn.

Lódìkejì, ipa ẹsẹ̀ àwọn ẹran nìkan ló jáde.