Gìtá Láìwo Ìwé

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kẹta 1991
Oṣù mẹ́jọ gbáko tí mo ti ń kọ́ gìtá, ojú kan náà ni mo wà! Gbé orin ìjọ tí wọ́n kọ ní dò-rè-mí síwájú mi, n ó ta á láìṣìṣe. Mú ìwé kúrò — ọwọ́ mi á dúró gbagidi. Lónìí, ní Ìkọ̀tún, Simeon tó ń kọ́ mi ń ta kọ́ọ̀dù méjì lọ, ó ń tà á bọ̀, ó ní kí n dá orin tèmi lé e. Mo dá a. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Tíṣà, ẹ ti kọ eléyìí sílẹ̀ nílé, àbí? Ẹ kàn há a sórí ni."

Òótọ́ ni, ojú ìwé mẹ́ta ni mo kọ. Mo jáde láìkí ìyàwó rẹ̀. Èmi, ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5 Oṣù Kẹta
N kò fọwọ́ kan gìtá. Olóríkunkun. Kó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 8 Oṣù Kẹta
Ọ̀gá Kékeré — Simeon náà ni — gba ìwé orin lọ́wọ́ mi, ó jókòó lé e. Jókòó! Mo pariwo: ṣé èmi lò ń ṣe báyìí fún?

"Ẹ̀yin náà ni. Ẹ ta gìtá, jàre."

Kí n tiẹ̀ kọ ọ́ síbí. Ọdún 1963, èmi ni ọ̀gá iléèwé, èmi náà ni olórí akọrin. Simeon jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lọ́jọ́ ìkórè, ó ta gìtá sí orin tí mo fi oṣù mẹ́ta kọ́ wọn, ó sì ń fi tirẹ̀ kún un láàárín ẹsẹ kan sí èkejì. Gbogbo ìjọ dìde dúró. Wọn kò dìde fún mi rí. Lọ́jọ́ Ajé, mo lé e kúrò níléèwé. Kí ẹnikẹ́ni má baà bi mí léèrè, mo kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ pé ó jí aago ọwọ́ mi. Irọ́! Ọrùn ọwọ́ mi ni aago náà wà bí mo ti ń kọ ọ́. Owú lásán ni.

Mo fẹ́ mọ gìtá, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ, n kò tíì lanu. Ojo àgbà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 16 Oṣù Kẹta
Ó ṣẹlẹ̀.

Mo ṣìṣe, mo sì dúró, bí ìṣe mi. Ó ní, "Ẹ má dúró. Àṣìṣe yẹn, ẹ tún un ṣe." Inú bí mi. Mo gbá okùn kan náà bí ẹni ń gbá tábìlì — ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta — òmíràn sì dá a lóhùn fúnra rẹ̀. Ọwọ́ mi kò gbàṣẹ lọ́dọ̀ mi mọ́. Mo ń jà, gìtá ń jà. N kò mọ iye ìgbà tó gbà. Nígbà tí mo gbójú sókè, Ọ̀gá Kékeré ti gbé tirẹ̀ sílẹ̀, ó kàn ń wò mí.

"Ṣé ẹ rí i? Ó ti yẹ ká ti máa bí yín nínú tipẹ́."

Ayọ̀ dà? Ìbínú mi pọ̀ sí i. Ohun tí mo já gbà lọ́wọ́ ọmọdé nìyí! Mo sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀: Simeon, ìwọ kọ́ lo mú aago yẹn. Ọwọ́ mi ló wà.

Ó ń yí okùn gìtá rẹ̀. "Mo mọ̀, Tíṣà. Mo rí i lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lé mi. Màmá mi ni kò mọ̀."

Ọjọ́ Àìkú, 17 Oṣù Kẹta
N kò lọ sí ìsìn.

Ọjọ́ Ajé, 18 Oṣù Kẹta
Mo lọ sí Ìgàndò, ilé Àtọ́kẹ́, ìyá Simeon. Ó ti di arúgbó bíi tèmi. Inú rẹ̀ dùn: "Tíṣà! Ẹ ṣì wà láyé!" Ó ní kí n jókòó. Mo wà lórí ìdúró, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ó bi mí léèrè ẹyọ kan. Ṣé kò jí i?

Mo ní, kò jí i, Màmá Simeon.

Ó wá sọ fún mi pé lọ́jọ́ tí lẹ́tà dé, òun lọ ata, òun fi sí i lójú. Ọmọ náà ń sunkún pé òun kò jí nǹkan kan. Òun tún bu òmíràn.

Kò bú mi. Ì bá dára kó bú mi. Ó wá bàtà rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ká lọ bá ọmọ òun. Títí a fi dé Ìkọ̀tún, kò tú u sílẹ̀, ìka rẹ̀ wọ̀ mí lára, ó ń dùn mí gan-an. N kò ní kó dẹ̀ ẹ́.