Ẹ̀bi Tòmátì Àkùrọ̀ Kì Í Ṣe Tiyín, Bàámi

Ẹ kú ilé o, Bàámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí Màámi àti Àǹtí Bọ́lá. Ooru Àbújá kò jẹ́ ká mí, ṣùgbọ́n ara mi le. Nínú ọgbà tí a ti ń ta irúgbìn ní Galadimawa, kò sẹ́ni tí mo ń bá sọ Yorùbá. Àwọn irúgbìn ni mo ń bá sọ ọ́ bí mo bá ń bomi rin wọ́n. Ọ̀gá mi obìnrin a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọ́n á kúkú dá mi lóhùn lọ́jọ́ kan.

Màámi sọ lórí fóònù pé ẹ ti ju ọkọ́ sílẹ̀, pé ẹ̀ ń sọ fáyé pé ọwọ́ yín ló ba oògùn tí mo fi ránṣẹ́ jẹ́. Wọ́n ní Bàbá Kọ́lá aládùúgbò wa bi yín bóyá tòmátì yín ti gbọ́ fàájì Àbújá ló ṣe dùbúlẹ̀, ẹ kàn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Bàámi, ẹ̀bi mi ni. Kí gbogbo ẹni tó bá ka lẹ́tà yìí gbọ́. Nígbà tí àrùn jẹ tòmátì èṣí, ohun ẹlẹ́mìí ni mo fi ránṣẹ́ nínú ìgò yẹn: kòkòrò tín-ín-tín tí ojú ò rí, tó ń yí gbòǹgbò ká bí àlejò tó tètè dé tó jókòó kún ẹní, kí èyí tó ń pa tòmátì má baà ríbi jókòó. Ẹ pè, ẹ bi mí bóyá ẹ lè pò ó mọ́ oògùn búlúù tí ẹ fi ń fín kòkó, kí agbára rẹ̀ lè pọ̀. Oníbàárà mẹ́ta dúró tì mí, ọ̀gá ń wò mí. Mo ní ẹ̀hẹ́n, sà, ó dáa bẹ́ẹ̀. Mi ò gbọ́ ìbéèrè náà tán. Oògùn búlúù yẹn ló pa àwọn kòkòrò inú ìgò náà nínú pọ́ǹpù tí ẹ fi ń fín oògùn, kí wọ́n tó dé ilẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ ní ewé rọ nígbà tó ṣì tutù yọ̀yọ̀, tí ẹ gé igi rẹ̀ sínú omi tí nǹkan bí omi ògì ń ṣàn jáde, mo ti mọ̀ pé àrùn èṣí ló padà dé. Mo dákẹ́. Ẹ máa ń pè é ní ìwà pẹ̀lẹ́, ìbẹ̀rù ni.

Ẹ̀ẹ̀rùn yìí ti lọ, kò ṣeé dá padà. Ìgò mìíràn ń bọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀ Òṣogbo. Ẹ má fi pọ́ǹpù kàn án. Igbá tuntun ni kí ẹ lò, omi kànga, kí ẹ da oògùn náà sí i, kí ẹ ri gbòǹgbò tòmátì bọ̀ ọ́ kí ẹ tó gbìn. Ẹ gbin mẹ́wàá péré. Mi ò ṣèlérí pé gbogbo wọn á yè. Bí wọ́n bá tún rọ, ẹ sọ fún Bàbá Kọ́lá pé Àjọkẹ́ ni.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọkọ́ yín dípẹtà nítorí ẹ̀bi ẹlòmíràn. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àti Bàbá Kọ́lá náà.

Èmi ni ọmọ yín tó yẹ kó ti sọ̀rọ̀,
Àjọkẹ́