Àwòrán Bàrákátù

Àǹtí Àyọ̀ká,

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìròyìn burúkú yìí: ewúrẹ́ ti jẹ fìlà Bọ̀dá Zakariyah. Ìwádìí ṣì ń lọ. Gbogbo ará ilé ní Ìba ń kí yín, ẹ kú òtútù ìlú òyìnbó. Ara Màámi le, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ṣì kù.

Ọ̀rọ̀ Bàrákátù ọmọ yín ni mo fẹ́ sọ. Àwòrán rẹ̀ níbi tó dúró ti ẹní tó tọ̀ sí, tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, tí ẹ sì fi sórí wásáàpù ẹbí pé ká bá a ṣàdúà, ti dé kíláàsì rẹ̀. Wọ́n ti fi ṣe sítíkà. Ọmọ náà kò lọ sílé ìwé mọ́.

Lánàá, mo kọ́ kíláàsì náà pé kò dára ká máa fi àwòrán ẹlòmíràn ṣẹ̀sín lórí fóònù. Ọmọ kan nawọ́: "Tíṣà, ìyá ẹ̀ tó kọ́kọ́ fi síta ńkọ́?"

Mo ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn.

Ó ti rẹ̀ mí, Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa àwòrán náà rẹ́, kí ẹ pe Bàrákátù, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́. Ọlọ́run á mú yín padà wálé láyọ̀.

Àbúrò yín,
Ìdírísù

ÌKÉDE: À ń fi tó yín létí pé Màámi ti ya fọ́tò lẹ́tà yìí sórí wásáàpù ẹbí, kí tẹbí-tará lè ṣàmín sí àdúà inú rẹ̀.