Àwòdì Issaba Ti Balẹ̀ sí Ilé: Ìtàn Ìgbésí Ayé Bàbá Crépin Ọdẹ́táyọ̀ Ẹlẹ́gbẹ̀dé (1950–2025)

Ní abúlé kan lábẹ́ Issaba, ní ilẹ̀ Pobè, ni wọ́n ti bí Bàbá wa, Crépin Ọdẹ́táyọ̀ Ẹlẹ́gbẹ̀dé, ní ọdún 1950. Bàbá tó bí wọn ni Ọdẹ́wọlé Ẹlẹ́gbẹ̀dé, ọdẹ àti àgbẹ̀, tí kì í kó ẹran wálé láì kọ́kọ́ fún aládùúgbò ní tirẹ̀. Ìyá wọn ni Mọ́rìnọ́lá, ọmọ Aguidi ní Sakété. Ìdí nìyí tí ará Pobè fi ń pe Bàbá ní ọmọ tiwọn, tí ará Sakété kò sì gbà.

Issaba ni Bàbá ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì ní Àjàṣẹ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti wọ ìjọ aláṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n sì fi ń tẹ ilẹ̀ ilé Ọlọ́run títí di ọjọ́ ìsinmi tó gbẹ̀yìn ayé wọn. Ní ọdún 1976, wọ́n fẹ́ Ìyá wa, Èjìdé Victorine, ọmọ Sakété. Ìyá máa ń sọ pé ojú Bàbá kò kúrò lókè ní ọjọ́ ìgbéyàwó, pé ẹyẹ ni wọ́n ń wò. Bàbá kò jiyàn rẹ̀ rí.

Ní ọdún 1981, Bàbá kó ìdílé lọ sí ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì rí iṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ òfuurufú aláìlẹ́ńjìnnì ṣe. Okùn gígùn ni wọ́n fi ń fa irú ọkọ̀ yìí gòkè; bí okùn bá tú, afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ń ru láti ilẹ̀ ni yóò máa gbé e kiri, láìsí ariwo. Bàbá kọ́ bí a ṣe ń tún un ṣe, wọ́n sì kọ́ bí a ṣe ń wà á. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá wọlé ní 2014, tí ọ̀gá wọn fi ọkọ̀ àtijọ́ kan ta wọ́n lọ́rẹ, àwòdì tó ń re Ìbarà ni ẹ̀fúùfù ta nídìí pẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá: ilé ti ń wu Bàbá í bọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n gbé ọkọ̀ náà wálé, wọ́n ro pápá gbọọrọ fún un ní Issaba. Àwọn ará oko sọ ọ́ ní Àwòdì.

Ohun tó dùn mọ́ Bàbá yìí ni kò jẹ́ kí Ìyá sùn. Ọkọ̀ òfuurufú ńláńlá tí ń lọ sí Kútọnu àti Èkó ń gba òkè wa kọjá, Àwòdì sì funfun bí ìkúùkù, kì í dún. Ní 2017, awakọ̀ òfuurufú kan fi tó àwọn aláṣẹ létí pé òun rí nǹkan funfun nísàlẹ̀ òun lórí Pobè. Kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, ṣùgbọ́n Ìyá gbọ́. Wọ́n jókòó ti Bàbá, wọ́n ní: “Bàbá Grâce, ẹ̀yin ń rí ayé láti òkè, ayé ò rí yín. Bí wọ́n bá kọlù yín, kí ni mo fẹ́ sin?” Bàbá búra lọ́jọ́ náà pé Àwòdì kò ní gòkè mọ́, àfi bí ó bá ń hàn sí àwọn tí ń ṣọ́ òfuurufú.

Ẹ̀rọ kan wà fún èyí. Bí àwọn tí ń ṣọ́ òfuurufú bá fi ẹ̀rọ tiwọn béèrè láti ilẹ̀ pé ta ló wà lókè, òun yóò dáhùn, yóò sọ ọkọ̀ tí ó jẹ́ àti bí ó ṣe ga tó. Transpondeur ni àwọn Faransé ń pè é. Bàbá sọ ọ́ ní Ajẹ́pè. Ìyá figbe ta: “Ajẹ́ kí ni? Ẹni tó jẹ́ ìpè, ṣé kò ti kú ni? Ẹ má gbé ìyẹn wọ ọkọ̀ o!” Bàbá rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n wọ́n yí orúkọ padà sí Mowàńbí. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi ní kà á nínú ìwé yìí pé Bàbá jẹ́ ìpè ẹnikẹ́ni.

Mowàńbí àkọ́kọ́ kò bọ́ sí i. Àlòkù ni, Bàbá fúnra wọn ló dè é mọ́ inú ọkọ̀, ó sì ń dáhùn geere. Ṣùgbọ́n nígbà tí Madame Béatrice, ẹni tí àwọn aláṣẹ rán láti yẹ ọkọ̀ wò, dé Issaba, ó ní kí wọ́n tú u. Ìjọba kò fọwọ́ sí ẹ̀rọ náà fún irú ọkọ̀ yìí, ìwé àṣẹ iṣẹ́ Bàbá ti kọjá àkókò, bátìrì tí wọ́n gbé tì í sì ń tẹ imú ọkọ̀ sílẹ̀. Inú bí Bàbá. Wọ́n sọ fún un pé kí wọ́n tó bí i ni àwọn ti ń tún ọkọ̀ òfuurufú ṣe. Ó fèsì pé: “Mo gbà, Bàbá. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.” Bàbá tú ẹ̀rọ náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Àwọn ọdún tó tẹ̀lé e kò rọrùn. Bàbá ń fọ Àwòdì bí ẹni ń wẹ ọmọ tí kò níbi tí yóò lọ, ojú wọn sì ń fà ro. Ìyá, tó ti rí ohun tí wọ́n fẹ́ gbà, ni àánú Bàbá wá ń ṣe. Ìyá ló ní kí Arlette, àbíkẹ́yìn wa, wá ẹni tó ní ìwé àṣẹ. Ó rí Sylvain ní Kútọnu, ẹni tó fi ẹ̀rọ tí ìjọba fọwọ́ sí sínú ọkọ̀, tó gbé bátìrì lọ sẹ́yìn àga, tó sì wọn ìwúwo ọkọ̀ náà lákọ̀tun. Madame Béatrice padà wá, ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò, ó buwọ́ lùwé, ó sì jẹ iyán wa kó tó lọ.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, Bàbá gòkè. Ìyá dúró ní pápá, rédíò wà lọ́wọ́ wọn. Ohùn àwọn tí ń ṣọ́ òfuurufú jáde ní èdè Faransé: wọ́n dárúkọ ọkọ̀ náà, wọ́n ní ó hàn sí àwọn, wọ́n sì sọ bí ó ṣe ga tó. Ìyá jókòó lulẹ̀ lórí koríko. “Wọ́n ń rí ọkọ mi! Ẹ gbọ́, wọ́n ń rí ọkọ mi!” Wọ́n sunkún, wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí Bàbá bá gòkè, oorun ọ̀sán ni Ìyá ń sùn. Láti òkè yẹn ni Bàbá ti máa ń rí iná igbó kó tó dé oko olóko, tí wọ́n á sì ránṣẹ́ sílẹ̀ sí àwọn ará abúlé.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, Bàbá mí èémí ìkẹyìn lórí ibùsùn wọn nílé wa ní Sakété. Wọ́n fi Ìyá wa sílẹ̀ sáyé, àti àwọn ọmọ: Grâce, Bienvenu àti Arlette, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ: Élie, Josiane àti Océane.

Ó dùn wá, a kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wẹ Bàbá tán, Ìyá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ wọn, apá wọn àti ojú wọn, wọ́n sì mí kanlẹ̀. “Ó pé,” ni wọ́n wí. “Mo dúpẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló pé.”

Ẹ sùn re, Bàbá. Kí ilẹ̀ Issaba rọ̀ fún yín o.